Mala, Aṣorin Béèsì àti Díjéè Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù

Mala ni orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ orin mọ Mark Lawrence sí, aṣorin àti díjéè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dàgbà ní South Norwood, lẹ́bàá Croydon ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì wà lára àwọn tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ orin dubstep lélẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún. Òun àti Dean Harris, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, tí ó ń jẹ́ Coki nínú orin, ni wọ́n jọ ń jẹ́ Digital Mystikz. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Loefah àti Sgt Pokes ni wọ́n sì dá DMZ sílẹ̀, tí ó jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ agbórinjáde wọn àti ti òde ijó tí wọ́n ń ṣe ní Brixton. Ní 2006, Mala dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Deep Medi Musik, lẹ́yìn náà ni ó gbé àwo orin ńlá méjì jáde lábẹ́ Brownswood Recordings: Mala in Cuba ní 2012 àti Mirrors ní 2016.

Díjéè, bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà níhìn-ín, ni ẹni tí ó ń yan rẹ́kọ́ọ̀dù níwájú àwọn oníjó, tí ó ń so ọ̀kan mọ́ òmíràn láì jẹ́ kí ìlù já. Aṣorin, tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní pirodúsà, ni ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn hun ìlù, ohùn àti béèsì pọ̀ títí yóò fi di odindi orin. Iṣẹ́ méjèèjì ni Mala ń ṣe, ọ̀kan sì ń bọ́ èkejì, nítorí ohun tí ó bá rí nínú ara àwọn oníjó lálẹ́ ni ó ń gbé padà lọ sínú iyàrá iṣẹ́ rẹ̀. Reggae, dub, jungle, garage, house, jazz, orin Kúbà àti orin Peru ni a lè tọ́ka sí nínú iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ etí kò lè ṣi orin rẹ̀ mọ̀, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà kó gbogbo wọn wọlé: béèsì ni ó kọ́kọ́ ń tẹ́ sílẹ̀, ààyè ni ó ń fi sílẹ̀ yí i ká, ohunkóhun tí ó bá sì fẹ́ bá a gbé gbọ́dọ̀ wá ibùjókòó tirẹ̀ nínú ààyè náà.

Béèsì àti ìwọ̀n ìyára

Béèsì ni ohùn ìsàlẹ̀ nínú orin. Etí ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn láti nǹkan bí ìgbọ̀nrìrì 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní 20 Hertz, èyí tí ó bá sì wà láàárín 20 sí 60 Hertz ni wọ́n ń pè ní sub-bass, ìyẹn ìsàlẹ̀ pátápátá nínú béèsì, tí àyà àti ikùn máa ń mọ̀ lára ju bí etí ṣe ń gbọ́ ọ lọ. Ìgbì ohùn 40 Hertz kan gùn tó mítà 8.5 nínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí sípíkà kékeré inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà alágbèéká kò fi lè gbé e jáde, tí ẹni tí ó bá gbọ́ orin Mala lórí fóònù nìkan fi lè rò pé ìlù díẹ̀ àti ohùn kan tí ó ń dún lókèèrè ni gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìdajì orin náà kò tíì dé etí rẹ̀.

Ìwọ̀n ìyára, ní tirẹ̀, ni iye ìṣísẹ̀ ìlù tí ó wà nínú ìṣẹ́jú kan. Orin house máa ń wà ní àyíká 120 sí 130, jungle a máa kọjá 160, dubstep sì dúró sí àyíká 140. Ohun tí ó fún dubstep ní ìrìn tirẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń to ìlù inú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orin ijó, bí a bá ka ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ìlù snare, èyí tí ó máa ń dún bí àtẹ́wọ́ líle, yóò bọ́ sórí ìkejì àti ìkẹrin. Ṣùgbọ́n nínú irú dubstep tí Loefah àti Mala sọ di mímọ̀, orí ìkẹta nìkan ni ó máa ń bọ́ sí. Oníjó kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé 140, kí ó máa fi ẹsẹ̀ sáré, tàbí kí ó tẹ̀ lé 70, kí ó máa mi orí jẹ́jẹ́, orin náà kò sì ní ta kò ó. Orin reggae púpọ̀ ń rìn ní àyíká 70. Nítorí náà ni ọmọ jungle àti ọmọ reggae fi lè dúró sínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù sì rí ijó ilé rẹ̀ jó, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára Mala láti pa orin pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀wọ́ ìlù dùndún kò ní pẹ́ lóye ètò yìí, nítorí pé omele ni ó máa ń di ìlù mú nígbà tí ìyá ìlù bá ń sọ̀rọ̀. Nínú orin Mala, àwọn ìlù tín-ínrín tí ó ń dún lókè ni wọ́n ń tọ́jú àkókò, béèsì ni ó sì ń sọ̀rọ̀: òun ni ó ń bi ìbéèrè, òun ni ó ń dákẹ́, òun ni ó ń padà wọlé nígbà tí ara ti ń retí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá orin rẹ̀ lọ sínú ohùn òkè yóò pàdánù ọ̀rọ̀ náà.

Ogún Jàmáíkà àti òpópónà Croydon

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948 ni àwọn ará Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù mìíràn ní Karibéánì ti ń dé wá ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì fìdí kalẹ̀ sí Brixton àti àwọn àdúgbò mìíràn ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kó àṣà sound system wá. Sound system ni àkójọ sípíkà gíga gíga tí olówó rẹ̀ máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tí ó ní ẹni tí ń yan rẹ́kọ́ọ̀dù àti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí máìkì, tí a sì lè gbé lọ sí gbọ̀ngàn tàbí ojúde tí ijó bá wà. Ní Jàmáíkà fúnra rẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ tí ti 1970 sì ń bẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ bíi King Tubby mú orin reggae tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, wọ́n yọ ohùn akọrin kúrò, wọ́n fi ìlù àti béèsì sílẹ̀ lásán, wọ́n wá ń ju ẹyọ ohùn kọ̀ọ̀kan sínú gbohùngbohùn kí ó máa rìn jìnnà. Èyí ni dub. Jah Shaka, tí ó papò dà ní 2023, ló gbé àṣà yìí ró ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun sì ni ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀wọ́ DMZ ń wò bí àgbà.

Nígbà tí Mala wà lọ́mọdé, jungle ni ó gba ìgboro. Àwọn aṣorin jungle máa ń gé ìlù kúkúrú láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù funk ti Amẹ́ríkà, wọn a mú un sáré, wọn a sì fi béèsì Jàmáíkà gbé e nídìí. Orí rédíò aláìníwèé-àṣẹ ni ó ti ń dún jù, ìyẹn àwọn rédíò tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé òpó wọn sórí òrùlé ilé gíga láì gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, irú èyí tí Rinse FM jẹ́ láti 1994 títí ó fi gba ìwé àṣẹ ní 2010. Mala kọ́kọ́ di máìkì mú nínú àṣà yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn jungle ni garage dé, tí ìrìn rẹ̀ rọ̀ ju ti jungle lọ, tí ó kún fún ohùn obìnrin akọrin tí ó dùn mọ́ etí. Ní àyíká 2000, àwọn ọ̀dọ́ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ adùn yẹn kúrò nínú garage, bí King Tubby ti ṣe fún reggae, ohun tí ó ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́ ni ìlù, òkùnkùn àti béèsì.

Ilé ìtàwé ni àwọn onímọ̀ ti ń pàdé. Ilé ìtàjà rẹ́kọ́ọ̀dù ni ti àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Big Apple Records ní Surrey Street, nínú ọjà Croydon, ni ibẹ̀. Hatcha ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù níbẹ̀, ó sì tún jẹ́ díjéè. Skream àti Benga, tí wọ́n jẹ́ ọmọdékùnrin nígbà náà, kì í jìnnà síbẹ̀. Mala, Coki àti Loefah sì ń kó orin tí wọ́n ṣe nílé wá kí Hatcha lè gbé e lọ sí òde ijó. Ilé ìtàjà náà tún ní ilé-iṣẹ́ agbórinjáde tirẹ̀, tí ó gbé iṣẹ́ Digital Mystikz àkọ́kọ́ jáde kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tó tì ní 2004. Òde ijó tí wọ́n ń gbé orin náà lọ ni FWD>>, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, tí ó sì wá fìdí múlẹ̀ ní Plastic People ní Shoreditch.

Láti inú garage kan náà ni grime ti jáde ní ìlà-oòrùn àti àríwá Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ìwọ̀n ìyára 140 kan náà, àyàfi pé grime fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣíwájú. Àwọn ọmọ Yorùbá kópa ńlá níbẹ̀: Skepta àti JME, àwọn ọmọ ìdílé Adenuga tí wọ́n dàgbà ní Tottenham, ni wọ́n dá Boy Better Know sílẹ̀, Skepta sì gba ẹ̀bùn Mercury ní 2016 fún àwo rẹ̀, Konnichiwa. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni orin méjèèjì, a kò sì lè ka ìtàn ọ̀kan já láì ya ọ̀dọ̀ èkejì.

DMZ ní Brixton

DMZ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ní 2004, nígbà tí ó sì di oṣù Ẹrẹ́nà 2005, wọ́n ṣe òde ijó àkọ́kọ́ wọn ní 3rd Base, gbọ̀ngàn kan ní abẹ́ ilé ìjọsìn St Matthew's ní Brixton. Oṣù méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é. Iná kò pọ̀, ohun ọ̀ṣọ́ kò sí, owó tí wọ́n ní ni wọ́n ná sórí sípíkà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi ń pe ènìyàn ni pé kí wọ́n wá fi ọkàn balẹ̀ sínú ìwúwo béèsì. Sgt Pokes ni ó ń di máìkì mú, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́, ẹ̀bùn tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn oní-máìkì. Bí orin kan bá mú àwọn oníjó lọ́kàn débi tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lu ògiri, díjéè yóò fi ọwọ́ dá rẹ́kọ́ọ̀dù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì tún un gbé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nínú sound system Jàmáíkà.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2006, Mary Anne Hobbs, tí ó ń ṣe ètò orin lórí BBC Radio 1, kó àwọn díjéè dubstep jọ sínú ètò kan ṣoṣo tí ó pè ní Dubstep Warz. Mala, Skream, Kode9, Hatcha, Loefah àti Sgt Pokes wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn gba ètò náà sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ó fi dé Amẹ́ríkà, Japan àti ibi púpọ̀ mìíràn. Oṣù méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni DMZ ṣe ọdún kan, èrò sì pọ̀ lórí ìlà níta débi pé gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n sì ní láti kó gbogbo ijó náà gòkè lọ sí Mass, gbọ̀ngàn ńlá tí ó wà nínú ilé kan náà, ní òru ọjọ́ yẹn gan-an. Orin tí ènìyàn ìwọ̀nba mọ̀ di ohun tí àwọn àjèjì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá gbọ́.

Rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo fún díjéè kan ṣoṣo

Bí Mala ṣe ń ṣiṣẹ́ díjéè kò ṣeé yà kúrò lára dubplate. Dubplate ni rẹ́kọ́ọ̀dù tí a gé ní ẹyọ kan fún díjéè kan, nígbà tí orin náà kò tíì jáde fún títà, tàbí tí kò ní jáde láéláé. Àwo alumíníọ̀mù pẹrẹsẹ ni, tí a fi ọ̀dà líle kan tẹ́ lójú. Abẹ́rẹ́ gbígbóná kan ni yóò fa ilà orin náà sí ojú ọ̀dà yìí nígbà tí orin bá ń dún lọ. Ọ̀dà náà rọ̀ ju ike tí wọ́n fi ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù títà lọ, nítorí náà gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ díjéè bá kọjá lórí rẹ̀ ni ó ń họ díẹ̀ kúrò nínú ohùn òkè, títí orin náà yóò fi gbó. Ìyẹn ni pé díjéè tí ó bá ní dubplate ní láti pinnu ìgbà tí ó yẹ kí ó lò ó.

Transition ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí Jason Goz ń darí, ni DMZ ti ń gé tiwọn. Iṣẹ́ yìí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ní ẹ̀kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò kọ́ wọn. Bí béèsì bá wúwo sí apá òsì ju ọ̀tún lọ, abẹ́rẹ́ lè fò kúrò nínú ilà rẹ̀, nítorí náà béèsì gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn. Bí ohùn bá sì pọ̀ jù nínú orin, kò ní sí àyè fún béèsì láti gbòòrò lójú àwo. Ṣíṣe orin fún rẹ́kọ́ọ̀dù ń fi ipá mú aṣorin láti yan ohun tí ó ṣe pàtàkì, kí ó sì jọ̀wọ́ ìyókù. Ààyè tí gbogbo ènìyàn ń yìn nínú orin Mala kò ṣẹ̀yìn ẹ̀kọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ rẹ̀ sí dub ti ń fà á lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn orin rẹ̀ àti Deep Medi

Anti War Dub, tí ó jáde ní 2006 ní ẹ̀yìn Haunted, ni ó sún mọ́ reggae jù nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Àkókò tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Iraq ni, ohùn Spen G ń kọrin tako ogun láti inú gbohùngbohùn tí ó jìn, béèsì sì ń dá a lóhùn. Changes, tí ó jáde ní 2007, rìn lọ́nà mìíràn. Kò bínú, kò sì kánjú, orin aládùn inú rẹ̀ ń yípo títí tí olùgbọ́ yóò fi gbàgbé iye ìgbà tí ó ti yí. Ní 2010 ni Return II Space jáde lábẹ́ orúkọ Digital Mystikz, orin mẹ́fà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́ta, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Mala nìkan.

Coki gba ọ̀nà tirẹ̀. Spongebob, tí ó ṣe ní 2007, gbé béèsì kúrò nísàlẹ̀ wá sí àárín, ó lọ́ ọ pọ̀, ó jẹ́ kí ó máa bú. Night, tí òun àti Benga ṣe, tàn dé ibi tí dubstep kò tíì dé rí. Láti irú ohùn lílọ́ pọ̀ báyìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ́ dubstep oníbùúrúù tí Skrillex gbé dé gbọ̀ngàn eré ìdárayá lẹ́yìn 2010. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbà tí àwọn kan bá ń sọ pé ilé kan ló ṣe orin mímọ́, tí ilé mìíràn sì bà á jẹ́, nítorí pé abẹ́ òrùlé DMZ kan náà ni ẹ̀ka méjèèjì ti hù.

Deep Medi ni ọ̀nà tí Mala tẹ̀ lé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà; ó kàn ń gbé iṣẹ́ àwọn tí ó fẹ́ràn jáde lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, kò sì béèrè pé kí wọ́n máa fara wé òun. Goth-Trad wá láti Japan pẹ̀lú ohùn irin àti òkùnkùn, àwo rẹ̀ New Epoch sì jáde ní 2012. Silkie ti gbé City Limits Volume 1 jáde ní 2009, níbi tí dúrù oníná àti ìfẹ́ jazz ti pọ̀. Swindle tẹ̀ síwájú lọ́nà kan náà nínú Long Live the Jazz ní 2013, pẹ̀lú funk àti fèrè. Truth wá láti New Zealand, Gantz láti Turkey. Bí a bá to àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé yíyan orin àwọn ẹlòmíràn náà jẹ́ ọ̀nà tí Mala ń gbà pa orin pọ̀, àfàìmọ̀ kí ó má sì jẹ́ èyí tí yóò pẹ́ jù lọ.

Ìrìn-àjò sí Kúbà

Ní 2011, Gilles Peterson, díjéè àti oníṣẹ́ rédíò tí ó ni Brownswood, mú Mala lọ sí Havana lábẹ́ ètò Havana Cultura. Roberto Fonseca, atẹdúrù tí ó ti bá Ibrahim Ferrer ti Buena Vista Social Club ṣiṣẹ́, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì lu oríṣiríṣi ìlù Kúbà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ìyára tí ó bá dubstep mu ni wọ́n sì lù ú sí. Wọ́n gba ohùn irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀: conga, timbales, dúrù, béèsì onígi, fèrè. Mala kó gbogbo rẹ̀ padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lé ní ọdún kan kí àwo náà tó jáde ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2012.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi gba àkókò ṣe kedere bí a bá mọ ohun tí ó kó wálé. Ìlù Kúbà ti kún tẹ́lẹ̀. Clave, igi kúkúrú méjì tí a ń lù mọ́ ara wọn, ń ta ìró márùn-ún tí kò jìnnà sí ara wọn dọ́gba, gbogbo ìlù tí ó kù sì ń wo ojú rẹ̀. Bí aṣorin bá gbé ìlù snare dubstep ka orí ìkẹta láì bìkítà, yóò bá clave jà, oníjó yóò sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Ohun tí Mala ṣe ni pé ó yọ ìlù tirẹ̀ kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi, ó jẹ́ kí conga máa tọ́jú àkókò, ó sì gbé béèsì rẹ̀ sínú àlàfo tí clave fi sílẹ̀. Ó hàn gbangba nínú Cuba Electronic, níbi tí ìlù ọwọ́ ti ń sáré lókè nígbà tí béèsì ń rìn ní ìdajì ìyára wọn, tí kò sì sí èyí tí ó bo èkejì mọ́lẹ̀. Orin Changuito gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìnagijẹ José Luis Quintana, onílù timbales ti ẹgbẹ́ Los Van Van, tí ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ìlù songo sílẹ̀. Calle F, orin mìíràn nínú àwo náà, jẹ́ orúkọ òpópónà kan ní Havana. Danay Suárez ló kọrin nínú Noches Sueños tí ó kẹ́yìn àwo náà, ohùn rẹ̀ sì rí ààyè tí ó tó, èyí tí díẹ̀ nínú àwọn akọrin máa ń rí gbà lọ́wọ́ àwọn aṣorin béèsì.

Àwọn òǹkàwé Yorùbá ní ìdí tiwọn láti fetí sí àwo yìí. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Wọ́n tún bàtá kàn níbẹ̀, mẹ́ta ní ọ̀wọ́ kan, Iyá, Itótele àti Okónkolo, èyí tí ó tóbi jù sì ni ó ń darí. Inú ilé òrìṣà nìkan ni ó ti ń dún títí di 1936, nígbà tí Fernando Ortiz, onímọ̀ nípa àṣà Kúbà, mú Pablo Roche àti àwọn onílù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá lù ú níwájú gbogbo ènìyàn ní Havana. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lukumí ni ìlù Kongo, ti Arará tí ó wá láti Dahomey, àti ti Abakuá tí ó wá láti Cross River, láti àárín gbogbo wọn àti orin Sípéènì ni rumba àti son sì ti jáde. Orin ijó ni Mala in Cuba, kò sì yẹ kí a pè é ní orin òrìṣà. Síbẹ̀ ìlànà tí ó gbé e ró, pé kí ìlù kékeré di àkókò mú kí ohùn ńlá lè sọ̀rọ̀, ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń lu ìlù náà fún un kí Mala tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó gba ọ̀nà Jàmáíkà àti Lọ́ńdọ̀nù bá wọn pàdé ni. Nígbà tí ó gbé àwo náà lọ sórí pèpéle, àwọn onílù tí ń fi ọwọ́ lu ìlù ló bá a lọ, orin náà sì tún ní ìmí mìíràn.

Peru

Mirrors jáde ní 2016 lẹ́yìn ìrìn-àjò Mala sí Peru. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí ó dúró dè é. Ó ní láti máa wá àwọn olórin kiri, ohùn inú àwo náà sì tàn kálẹ̀ láti orí òkè Andes dé etí òkun. Inga Gani, tí òun àti Colectivo Palenke jọ ṣe, wá láti inú orin àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Peru, tí irinṣẹ́ wọn tí ó lókìkí jù ń jẹ́ cajón, àpótí igi tí onílù máa ń jókòó lé, tí yóò máa fi ọwọ́ lu ojú rẹ̀. Zapateo ni orúkọ ijó tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lù bí ìlù, Mala sì fi ìró ẹsẹ̀ náà sípò tí ìlù yẹ kí ó wà.

Mirrors kò lẹ̀ mọ́ra bíi Mala in Cuba. Àwọn orin mìíràn nínú rẹ̀ ń kọjá lọ bí ohun tí a rí láti ojú fèrèsé ọkọ̀, kí olùgbọ́ tó fi ọwọ́ bà á ó ti lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí cajón àti béèsì ti pàdé, iṣẹ́ náà lágbára ju ohunkóhun tí ó ti ṣe ní Kúbà lọ, nítorí pé cajón ní ìsàlẹ̀ tirẹ̀: bí onílù bá lu àárín rẹ̀, ó ń dún wúwo, bí ó bá lu etí rẹ̀, ó ń dún ganrangan. Mala ní láti dín béèsì rẹ̀ kù kí ó má baà gbé àpótí náà mì, ó sì dín in kù.